Wọn Ò Lè Pe Ẹ̀gbọ́n Lórúkọ

Ṣadé, àlá tí mo lá mọ́jú òní ò tíì kúrò lára mi. Mo pọnmọ, mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Mo ní bí alátakò bá ń bọ̀ lẹ́yìn ẹnìkejì wọn, kí wọ́n pariwo orúkọ ẹnìkejì náà.

Èyí tó kéré jù ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mi ò lè pè wọ́n lórúkọ."

Mo ní, "Kí o tó kí wọn tán, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n."

Àfi bí pápá ṣe di ilé ìdáná mi. Ẹnìkan ń tú ọ̀já lẹ́yìn mi, ọrùn mi ò yí. Gbogbo wọn rí i. Wọ́n kúnlẹ̀: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..."

Mo jí, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo pọ̀n ọ́n, síbẹ̀ ẹ̀yìn mi fúyẹ́.