Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Saerah

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo gba yàrá kan níwájú kóòtù Ṣaríà ní Kota Bharu, nítòsí ààlà Thailand, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tí kò lárìwo ni. Ẹni tó bá gbé ìwé wá kì í bá mi jiyàn, àfi Saerah.

Ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Tumpat, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Hasnita, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní Ìlú Ọba, fẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Mo túmọ̀ ìwé rẹ̀ bó ṣe wà: kóòtù tú ìgbéyàwó ká, torí pé ọkọ ti lọ fún ọdún méjì, a ò gbúròó rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù físà pé ó ti kọ ọkọ sílẹ̀. Ó ní kí n ka á sí òun létí lédè wa.

"Tíṣà, ẹ pa á rẹ́. Opó ni mí."

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀, àbúrò."

"Janda ni gbogbo Tumpat ń pè mí."

"Lọ́dọ̀ tiwa, janda ni opó, janda náà ni dálémosú. Òyìnbó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni mo gbọ́dọ̀ mú."

"Ẹ kúkú mú èyí tó dáa níbẹ̀!"

"Ṣé o rò pé ọjà ẹja la wà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì jókòó padà.

Deraman ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ẹja lọ sójú òkun, kò sì padà wálé. Ní ọdún kejì, àwọn kan ní àwọn rí i ní Narathiwat, lódìkejì ààlà, pẹ̀lú ìyàwó tuntun. Inú bí Saerah, ó gba kóòtù lọ, adájọ́ sì tú wọn ká. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ni Useng, tí òun àti Deraman jọ wọkọ̀, dé láti ẹ̀wọ̀n Thailand. Ó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni ọkọ̀ náà ti dojú dé, omi sì gbé Deraman lọ; àwọn ẹ̀ṣọ́ Thailand ló yọ òun, tí wọ́n sì tì òun mọ́lé. Kò sí ìyàwó kankan ní Narathiwat.

"Òkú ni mo lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, Tíṣà. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fara pamọ́ sábẹ́ janda yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bi mí pé èwo ni mí nínú méjèèjì."

Mo sọ fún un pé adájọ́ nìkan ló lè yí ìwé padà, bí Useng bá ṣì wà láàyè láti jẹ́rìí. N kò rò pé yóò lọ. Ó lọ. Useng, tí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, wá búra. Adájọ́ béèrè bóyá ogún kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín.

"Kò sí, Olúwa mi."

"Kí lẹ wá fẹ́ fi ìwé ṣe?"

"Mo fẹ́ kó sọ bó ṣe rí gan-an."

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, adájọ́ ní Deraman ti kú kí wọ́n tó tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká, pé kò sí ohun tí wọ́n tú. Mo túmọ̀ ìwé tuntun náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo rò pé ó ti parí. Àmọ́ oṣù mẹ́ta tí ẹni tó kọ ọkọ sílẹ̀ fi ń jókòó sílé ni Saerah kà nígbà tí kóòtù kọ́kọ́ tú wọn ká. Kò ṣe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó ń ṣe. Lèmọ́mù ní àkókò ti kọjá, kò pọn dandan mọ́. Saerah dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó.

Hasnita pè mí. "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí màmá mi máa ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ti kú láti ohun tó lé ní ogún ọdún? Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì o!"

"Èmi kọ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ mi ò débẹ̀."

"Kí ni kí n wá sọ fún ọkọ mi?"

"Sọ fún un pé ìyá rẹ ń ṣe opó."

"Bàbá mi lẹni náà," ló sọ, ó sì gé fóònù.

Mo lọ kí Saerah lẹ́ẹ̀kan. Aṣọ rẹ̀ ò ní ọ̀ṣọ́ kankan. A jẹun, ó sì ṣàròyé títí pé àbúrò òun tó ń bá òun tajà ń fi ẹja òun ta ọ̀pọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ opó rẹ̀ pé, ó rin ìrìn-àjò rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n gba ìgò búdù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, omi ẹja tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè. Ó pè mí láti ibẹ̀, ó sì ṣépè fún wọn títí owó fóònù rẹ̀ fi tán.