Fídíò Dókítà Aláṣọ Funfun

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi níléèwé, Tolúwalọpẹ́ wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, ó lọ kí ìyá ìyá rẹ̀, Màmá Agnes, ní Oǹdó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó lè tètè rí i tàn jẹ. Ohun tó jẹ́ kó ya ọmọ náà lẹ́nu nìyẹn nígbà tó bá páálí tuntun oògùn ẹ̀jẹ̀ríru Màmá lórí tábìlì, tí wọn ò tíì ṣí i rárá.

Màmá ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tóun ti lò ó kẹ́yìn. Fídíò kan ló dé orí fóònù òun, dókítà aláṣọ funfun kan sì sọ níbẹ̀ pé omi ewúro nìkan ti tó.

Tolúwalọpẹ́ wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì. Ètè dókítà ń lọ sọ́tùn-ún, ohùn rẹ̀ ń lọ sósì. Ó rántí ohun tí olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runníyì, máa ń ní kí wọ́n bi ìròyìn kí wọ́n tó gbà á gbọ́: ta ló sọ ọ́, ibo ló ti wá, ta ló tún sọ ọ́ yàtọ̀ sí ẹni náà? Ó wá orúkọ dókítà náà títí lórí ẹ̀rọ, kò rí i. Síbẹ̀ Màmá ò gbà. Ó ní ojú òun lòun fi rí ọkùnrin náà.

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó ya Màmá ní fọ́tò, ó fi ẹ̀rọ kan lórí fóònù rẹ̀ sọ fọ́tò náà di fídíò tó ń sọ̀rọ̀, ó wá gbé fóònù náà síwájú Màmá. Màmá inú fọ́tò lanu, ó ní, "Èmi Agnes, mi ò jẹ iyán mọ́ láéláé."

Màmá wò ó títí. "Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ojú yín lẹ fi rí i, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Màmá ti lọ sókè díẹ̀, àmọ́ kò tíì bàjẹ́ ju àtúnṣe lọ. Màmá padà sídìí oògùn rẹ̀. Ó wá kọ ọ́ sórí wọ́ọ̀sáàpù ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, níbi tóun fúnra rẹ̀ ti pín fídíò náà, pé irọ́ ni, kí wọ́n má ṣe dá oògùn wọn dúró. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Sátidé, àwọn ìyá náà ti ní kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá fídíò irọ́ mọ̀ lọ́dọ̀ Tolúwalọpẹ́. Àwọn mọ́kànlá ló wá, tàwọn ti fóònù lọ́wọ́. Tolúwalọpẹ́ dúró níwájú wọn. Ó wá rí Màmá láàrin wọn, tó mú ìwé àti báírò dání, tó ń retí kí tíṣà bẹ̀rẹ̀.