Àga Afẹ̀yìntì

Ní ọ́fíìsì Alàájì Jimoh, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìdúmàgbò, ẹnì kan ṣoṣo ló ń fẹ̀yìn ti nǹkan: Alàájì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Baálé nìkan ló ni àga, ọmọ ilé yòókù a jókòó sórí àpótí. Àpótí náà ló kó fún àwọn akọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n á tẹ̀ bí dòjé síwájú kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ẹ̀yìn Haneefah, ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé náà, ló kọ́kọ́ kọ iṣẹ́. Ó di pé bó bá tẹ̀ láti kírun, ẹlòmíràn ní láti gbé e dìde. Dókítà ní bí kò bá rí àga gidi jókòó lé, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa kú. Ló bá gbé àga ìyá rẹ̀ láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wá síbi iṣẹ́.

Alàájì wọlé, ó rí i tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

"Haneefah, ṣé mo ti kú ni, tó o fi ń jẹ baálé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yìn mi ni."

"Ẹ̀yìn! Ta ni ò lẹ́yìn níbí? Dìde!"

"Mi ò lè tètè dìde, Alàájì."

Ó ta àga náà nípàá. Ẹsẹ̀ àga ṣẹ́, Haneefah balẹ̀ gbì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì dún bí igi gbígbẹ. Ó lọgun. Alàájì fa bẹ́líìtì yọ, ó là á mọ́ ọn léjìká, ó là á mọ́ ọn lójú, ẹ̀jẹ̀ kán sára híjáàbù. Bí ìyà ńlá bá gbé ni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni.

Kì í ṣe bẹ́líìtì ló ba Haneefah lẹ́rù. Kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ́, ìṣó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, àmọ́ ìbínú yìí mọ ibi tí ojúgun Alàájì wà. Haneefah fi igi náà gbá a, ó tún gbá a. Egungun fọ́. Alàájì wó lulẹ̀ bí àpò ìrẹsì, ó ń ké bí ewúrẹ́.

"Síkírù! Gbé mi o! Gbé mi sórí àga mi!"

Síkírù, tó dàgbà jù nínú àwọn akọ̀wé, dìde lórí àpótí. Ó fa àga ńlá náà kúrò nídìí tábìlì ọ̀gá, ó gbé e rékọjá lórí Alàájì bí ẹni ń fo gọ́tà, Haneefah ló gbé sí i. Òun àti Yaqub, akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé e sọ̀ kalẹ̀, igbe Alàájì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

"Bọ̀dá, ìyàwó lẹ̀ ń gbé lọ ni?" obìnrin aláṣọ kan bú sẹ́rìn-ín lójú títì. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Ta ló ṣe ọmọ ọlọ́mọ báyìí?"

Wọ́n sọ àga kalẹ̀, Síkírù bẹ̀rẹ̀, ó já Haneefah léèékánná lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

Haneefah mi orí pé rárá. Síkírù tún já a, àfi bí ẹni fẹ́ bó o láwọ.

Ẹsẹ̀ náà gbọ̀n, ó sì ta á nípàá láyà.

"O ṣeun," ni Síkírù wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ yà fún wa o! Ọsibítù là ń lọ!"