Orí Tí Bàbá Gbé Sókè

"Ṣé kí n fi búrẹ́dì kún un?" ni ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bi wọ́n.

Radostina mi orí sókè sódò, ọmọbìnrin náà sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n jókòó títí, búrẹ́dì ò dé.

Tsvetan, bàbá rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní ṣé o fẹ́ búrẹ́dì, o ní o ò fẹ́. Kí lo tún wá ń wọ̀nà fún?"

"Mo mi orí, Bàbá."

"Orí àwọn ará Vienna lo mì. Níbí, ẹni tó gbé orí sókè ti kọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá gbà á mi tirẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ogún ọdún péré tí o fi gbé lọ́hùn-ún, o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi orí nílé bàbá rẹ."

Radostina bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Torí kí inú bàbá lè dùn díẹ̀ ló ṣe mú un wá wo Sófíà, olú ìlú wọn. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n máa lọ fọwọ́ sí ìwé títa ilé tí bàbá ń dá gbé lábúlé láti ìgbà tí ìyá ti kú. Bàbá yọ̀ ṣubú nínú yìnyín lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ ló sì wà títí aládùúgbò fi rí i. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn dáadáa mọ́. Nígbà tó bi bàbá lórí fóònù pé ṣé kí òun ta ilé náà, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, wọ́n ń rí ojú ara wọn kedere. Bàbá gbé orí sókè, kò sọ nǹkan kan. Radostina dúpẹ́, ó sì wá ẹni tó máa rà á láì tún bá bàbá sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n rìn lórí òkúta pupa rúsúrúsú tó wà ní àárín ìlú, wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí wúrà wà lórí òrùlé rẹ̀. Bàbá wò ó títí.

"Wúrà yìí á tó fi ṣe eyín fún gbogbo abúlé wa," ló wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ síbi tí omi gbígbóná ti ń sun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀ àtijọ́, àwọn èèyàn sì tò síbẹ̀. Bàbá kó ìgò òfìfo jáde nínú àpò rẹ̀.

"Omi yìí dára fún orúnkún," ló wí. "Màá kó o sínú yàrá abẹ́ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá wáìnì. Màá máa mu ún díẹ̀díẹ̀ títí di Kérésì."

Radostina yíjú sí i. "Yàrá abẹ́ ilé wo, Bàbá?"

"Tèmi. Mélòó ni mo ní?"

"Ọjọ́ Ajé la máa fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó fẹ́ ra ilé. Ẹ̀yin náà lẹ gbà."

Bàbá gbé ìgò sílẹ̀. "Ẹnu mi yìí ló gbà?"

"Ẹ gbé orí sókè. Mo rí yín nínú fóònù."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló rántí búrẹ́dì. Ojú tì í débi pé kò lè wo bàbá rẹ̀.

"Ẹkún ló dí mi lọ́fun lọ́jọ́ náà," ni bàbá wí. "Mo fi orí kọ̀ fún ọ. Nígbà tí o ò sọ ọ́ mọ́, mo ní ọmọ mi ti gbọ́ mi."

"Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ́n-ún, Bàbá. Èmi wá lọ ń wo orí."

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ìyá kan wí lẹ́yìn wọn, "tí ẹ ò bá pọn omi, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká rí tiwa pọn."

Wọ́n bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Radostina pe ẹni tó fẹ́ ra ilé. "Ẹ má bínú, sà. A ò ta ilé náà mọ́." Ọkùnrin náà bú u dáadáa. Ó jẹ́ kó bú u tán.

"Yìnyín ńkọ́, Bàbá?" ló béèrè.

"Tí òtútù bá dé, màá wá bá ọ ní Vienna. Tí igi eléso bá ti ń tanná, màá padà sílé. Ẹnu ni mo fi sọ èyí o." Bàbá gbé ìgò rẹ̀ nílẹ̀. "Tí mo bá kú ńkọ́, ṣé wàá tà á?"

Radostina gbé orí sókè.

"Èwo nìyẹn?" ni bàbá bi í. "Ti Vienna ni, àbí tiwa?"

"Tiwa ni, Bàbá."