Ọwọ́ Tó Ń Kan Etí Ọkọ̀

Kó-kó.

Ràmọ́tà fi ìdí ọ̀pá kan etí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di èémí mú. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ní ìdí ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ yí àjẹ̀ lọ́wọ́, orí ọkọ̀ sì rọra ṣí sí òsì. Kùkùté kan tó yọrí nínú omi bí orí àgbàlagbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn kọjá. Bí èèyàn bá na ọwọ́, á kàn án. Àwọn àlejò méjì tó jókòó láàárín ọkọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan kọjá. Ọkùnrin náà ń tú okùn ìwọ̀ rẹ̀ tó ti lọ́ pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń fi ìborùn wé etí nítorí ọyẹ́ òwúrọ̀.

Ràmọ́tà tú èémí náà sílẹ̀.

"Ìyá," ọkùnrin náà ní, "kí lẹ ń kàn bẹ́ẹ̀ láti èbúté? Àbí ẹja lẹ ń pè?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì. Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti dáhùn.

"Ẹja ni, ọ̀gá. Bí a ṣe ń pè é níbí nìyẹn. Bó bá ti gbọ́ ìró igi, á fẹ́ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹja fẹ́ràn àtojúbọ̀ bí ará ilé olórogún."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ernest ni orúkọ rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú-Òde ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa ń fi Sátidé gbafẹ́. Rose ìyàwó rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ní ìdí ọkọ̀, Gbàdàmọ́sí kò rẹ́rìn-ín.

Ojú Gbàdàmọ́sí ti ń lọ láti ìgbà òjò èṣí. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín, ó wá di kùrukùru tí oòrùn ọ̀sán kò lè ká kúrò. Ní báyìí, ó mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Bí èèyàn bá dúró sínú oòrùn, ó lè rí òjìji onítọ̀hún. Ó parí. Lórí ilẹ̀, á gbé ọwọ́ lé èjìká Ràmọ́tà bí ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, wọn á sì jọ máa lọ. Lórí omi, ìrántí ìbá tó o. Láti ìgbà tí eyín rẹ̀ kò tíì pé lẹ́nu ló ti ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yìí. Ṣùgbọ́n ewé tuntun kan ti dé, tó jọ ojúoró tí kì í ṣe ojúoró, tó ń ta òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Ó ń ṣí kiri lójú omi bí agbo màlúù, ó ń di ọ̀nà àtijọ́, ó ń bo òpó àti kùkùté mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àná kì í ṣe ọ̀nà òní mọ́.

Ìdí tí Ràmọ́tà fi fi ààrò ẹja rẹ̀ sílẹ̀ tó wá ń jókòó sórí ọkọ̀ nìyẹn. Ó ní atẹ́gùn omi ló dára fún àyà òun. Àwọn obìnrin èbúté kò jẹ́ kó gbádùn.

"Ìyá Ràsákì ń ṣọ́ ọkọ lójú omi! Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín, màmíwọ́tà?"

"Bó bá gbà á, kó máa fọ aṣọ rẹ̀," ni Ràmọ́tà máa ń dá wọn lóhùn, á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Bó bá fi ọ̀pá kan etí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún ni. Lẹ́ẹ̀mejì, òsì. Léraléra, dúró. Wọn kò jókòó sọ ọ́ rí. Gbàdàmọ́sí kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ríran mọ́, Ràmọ́tà kò sì bi í. Ní ọjọ́ kan, kùkùté wà níwájú, ẹ̀rù bà á, ó fi ọ̀pá kan etí ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ sì yà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n fi bò ó bí ẹni fi eérú bo iná.

Ohun tó ń já Ràmọ́tà láyà lónìí ni Ernest yìí gan-an. Ràsákì, ọmọ wọn, tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ń bá a tún ọkọ̀ Pijó rẹ̀ ṣe, òun ló sì júwe bàbá rẹ̀ fún un. Ohun tí ojú Ernest bá rí lónìí, etí Ràsákì á gbọ́ ọ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ Ràsákì ti sọ tirẹ̀ ní Iléyá tó kọjá, nígbà tí bàbá rẹ̀ nawọ́ sí ẹran tí ọwọ́ bọ́ sínú omi ìṣanwọ́.

"Bàbá, bí mo bá gbọ́ pé ojú yín ti lọ, èmi fúnra mi ni n ó wá ta ọkọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ mi lẹ ó máa gbé."

Gbàdàmọ́sí kò jẹ ẹran náà mọ́. Ràmọ́tà mọ yàrá tí Ràsákì ń sọ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, bẹ́ǹṣì kan wà níwájú rẹ̀, òórùn ọ́ìlì sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọkùnrin tí kò jókòó pẹ́ sórí ohun tí kì í mì rí, kí ni yóò fi bẹ́ǹṣì ṣe? Iléyá mìíràn kò ní bá a láyé. Nígbà tí ìránṣẹ́ dé pé àlejò ń bọ̀, Ràmọ́tà bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó ní ibà ń ṣe òun. Gbàdàmọ́sí ní rárá. "Àlejò ọmọ mi ni. Bí mo bá kọ̀ ọ́, á wá wádìí ìdí."

Wọ́n dé ibi tí omi òkun ti ń wá pàdé omi ọ̀sà, tí ìró ìgbì ń bọ̀ láti òdìkejì iyanrìn. Gbàdàmọ́sí fi ọwọ́ kan omi, ó tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n ju ìwọ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí okùn Rose fi le gbandi. Obìnrin náà kígbe, ó fa, ọkọ̀ mì, Ràmọ́tà sì rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ẹja kúta ni, ó gùn bí apá ọkùnrin, eyín rẹ̀ ṣe ṣónṣó-ṣónṣó bí ayùn.

"Rose, ṣé ìwọ náà lo mú eléyìí?" Ernest ní.

"Rárá o, àbúrò mi ni." Rose ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Gbogbo owó ìwọ̀ tí o rà yẹn, o ò rí ti ẹ̀pìyà mú."

Ernest rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn. Atẹ́gùn sì ti ń dìde. Àwọn ewé náà ti ń ṣí.

Láti dé ibòmíràn náà, ojú ọ̀nà tóóró kan wà tí wọn kò lè ṣàì gbà. Ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni ọgbà ẹja àtijọ́ kan wà, tí àwọn tó ni ín ti kú tàbí tí wọ́n ti ṣí lọ. Òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lẹ́nu ṣì wà lábẹ́ omi, àwọn ewé náà sì ti tẹ́ ara wọn lé e lórí bí ẹní. Ràmọ́tà na ọrùn. Ó rí ṣónṣó kan, ó rí èkejì.

Kó-kó.

Orí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sí òsì.

Kó.

Ràmọ́tà wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òun. Orí ọkọ̀ dúró díẹ̀ bí ẹni tí a pè lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó yí padà sí ọ̀tún. Ó bojú wẹ̀yìn. Ernest di ife tánganran mú, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan etí ọkọ̀, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀.

"Ìyá, ẹja tí ẹ pè, ìyàwó mi nìkan ló jẹ́. Èmi náà fẹ́ pe tèmi."

Kó.

Ọ̀tún sí i. Òpó yẹn ti wà níwájú wọn báyìí. Ràmọ́tà gbé ọ̀pá sókè, ó sì mọ̀ pé asán ni: bí òun bá kàn án, Ernest á kàn án tẹ̀ lé e, ta ni ọkùnrin tó wà ní ìdí ọkọ̀ yóò gbọ́? Ẹnu nìkan ló kù. Ó ya ẹnu. Ó rí bẹ́ǹṣì. Ó rí ọkọ rẹ̀ lórí rẹ̀, ọwọ́ lé orúnkún, nínú òórùn ọ́ìlì. Ó wá rí Rose tí kò mọ omi wẹ̀, tó ń fi ìka kékeré kan eyín kúta.

"Òsì! Bàbá Ràsákì, òsì ni! Kì í ṣe èmi ni mo kàn án!"

Gbàdàmọ́sí ri àjẹ̀ wọnú omi títí dé ọrùn ọwọ́. Ọkọ̀ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Omi wọlé, Rose ké, kúta yọ̀ gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn lọ, òpó náà sì ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn pẹ̀lú ìró bí ìgbà tí ẹní ń ya. Lẹ́yìn náà, omi gbalasa. Ọkọ̀ dúró.

Ife tánganran ti bọ́ sómi. Ernest wo Ràmọ́tà. Ó wo ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó gbé ọwọ́ sókè síwájú ojú Gbàdàmọ́sí, ó sì jù ú sí ìhín, sí ọ̀hún. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ní. Ojú Gbàdàmọ́sí kò tẹ̀ lé ọwọ́ náà.

"Jésù," Ernest ní. "Rose, bàbá yìí ò ríran."

"Ernest!"

"Ò ríran, mo ní! Ẹni tí ò ríran ló gbé wa dé àárín omi!" Ó fẹ́ dìde, ọkọ̀ sì mì.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá," Gbàdàmọ́sí ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ẹni tó bá dìde nínú ọkọ̀, ojú tó là kì í gbà á."

Ernest jókòó. Ó kọjú sí Ràmọ́tà. "Ìyá, ẹja lẹ sọ pé ẹ ń pè."

"Mo purọ́, ọ̀gá."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Atẹ́gùn ń lé wọn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn, sí ọ̀nà tóóró yẹn náà, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn délé. Ràmọ́tà kò lè wo ọkọ rẹ̀. Ohun tí wọn kò bá ara wọn sọ ní ìkọ̀kọ̀ yàrá, òun ti lọ kígbe rẹ̀ létí àlejò.

Nígbà tó wá gbójú sókè, Gbàdàmọ́sí ti fa àjẹ̀ kúrò nínú omi. Ó gbé e lé itan. Ràmọ́tà kò rí i kí àjẹ̀ yẹn sinmi nígbà tí ọkọ̀ wà lójú omi rí.

"Ìyá Ràsákì, wá síbí."

"Síbo?"

"Ìdí ọkọ̀. Wá jókòó. Gbé ọ̀pá yẹn fún mi."

Ní èbúté wọn, obìnrin ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n obìnrin kì í jókòó sí ìdí ọkọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Gbàdàmọ́sí sì ti ń rá bọ̀, ó ń fi ọwọ́ wá èjìká àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ẹ má bínú." Rose di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ó fi kọjá.

"Ernest, dípò kí o máa wo bàbá lẹ́nu, igbá nìyẹn. Gbọ́n omi."

Ernest gbá igbá mú, ó ń gbọ́n omi. Wọ́n ṣẹ́rí padà. Ràmọ́tà wa àjẹ̀. Igi rẹ̀ dán lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tí àtàńpàkò ọkọ rẹ̀ ti jẹ wọ inú rẹ̀ jìn díẹ̀. Láti ibi tó wà, ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló ń wò, tó tẹ̀ síwájú, tó ń ri ọ̀pá sínú omi, tó ń fà á yọ.

"Bàbá," Ernest sọ nígbà tó ṣe, kò sì dáwọ́ omi dúró, "Ràsákì á bi mí o. Kí ni kí n sọ fún un?"

Gbàdàmọ́sí kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ló gbé yín délé."

Wọ́n dé ọ̀nà tóóró náà. Oòrùn ti yọ pátápátá, ó ń kọ mànà sójú omi, omi sì ń dá a padà sójú Ràmọ́tà. Ó ṣẹ́ ojú, ó tún un ṣẹ́. Atẹ́gùn ti ṣí ewé nídìí, kò mọ ibi tí ọgbà wà mọ́. Apá òsì ló ṣí sílẹ̀ gbalasa, tó mọ́ bí àwo. Ó ti fẹ́ darí ọkọ̀ síbẹ̀.

Níwájú, ọ̀pá Gbàdàmọ́sí kan nǹkan lábẹ́ omi. Ó dúró, ó tún un kàn, ó wá fa ọ̀pá yọ, ó sì fi í kan etí ọkọ̀.

Kó.

Ọ̀tún. Ọ̀tún tí ewé dí, tí Ràmọ́tà kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ní òsì. Àjẹ̀ dúró lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀ tó, tó, ọ̀nà náà sì ń sún mọ́ wọn.

Láti ìgbà òjò èṣí, gbogbo òwúrọ̀ tí òun kan etí ọkọ̀ yìí, àjẹ̀ kò dúró báyìí lọ́wọ́ ọkọ òun rí kó tó yí.

Ó yí i. Orí ọkọ̀ wọnú ewé, òdòdó àlùkò ń fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wọn, omi sì jìn lábẹ́ wọn.

Kó-kó.

Ó yí ìyẹn náà, kò sì wo ibẹ̀ kó tó yí i.