Bẹ́líìtì Oníbọ́tìnì Méjì

Kí ló ń pa òǹtajà yìí lẹ́rìn-ín? Mi ò tíì sọ ju gbólóhùn méjì lọ látìgbà tí mo ti wọlé. Mo kí i, mo ní bẹ́líìtì yukulélé, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin yẹn, ni mo wá rà, èyí tí èèyàn fi ń gbé e kọ́rùn bó bá fẹ́ ta á lórí ìdúró, ó bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà?" ló wí. Èmi náà bíi ta? Ta ló ti wá síbí ṣáájú mi... kí ló sì sọ fún un?

Ara ń fu mí. Ara ti ń fu mí láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Rárá, ó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ — láti ọjọ́ tí ọ̀gá olórin ti dìde níwájú wa, tó nu awò ojú rẹ̀, tó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́jọ́ tí a bá máa kọrin fún àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó máa jókòó o. Orí ìdúró ni gbogbo wa máa wà." Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ dúró lára mi. Àbí kò dúró? Ó dúró. Mo mọ ojú tó bá dúró lára èèyàn.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́wàá la ti ń jókòó. Àwa mẹ́rìnlá ni, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ fóòmù, èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀. Bí a bá ti ṣíwọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó kó àga jọ nínú yàrá ìjẹun, ọ̀gá olórin á dé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú yukulélé rẹ̀ jáde. Ìjókòó yẹn dára. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń wà. Orí ẹni tó wà níwájú mi á bo ọrùn yukulélé mi, orúnkún mi á bo ìyókù. Kí ni wọ́n wá rí sí ìdúró lójijì?

Kí n kúkú sọ ọ́, nígbà tó jẹ́ inú ara mi ni mò ń sọ ọ́ sí. Mi ò mọ̀ ọ́n ta.

Mi ò mọ ẹyọ orin kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá olórin béèrè pé, "Ta ló ti di gìtá mú rí nínú yín?" Ọwọ́ mi ló ṣíwájú èmi alára lọ sókè. Mo sì ti dì í mú rí lóòótọ́: mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé tirẹ̀ láti inú yàrá lọ sẹ́yìn ọkọ̀. Wọn ò béèrè bóyá mo ta á. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Àgbà Olórin nílé-iṣẹ́, ìyàwó mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Báwo lèèyàn ṣe ń padà lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ìyàwó mi gan-an... "Bàbá wọn, kí ló dé tí ẹ kì í ta á nílé?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti béèrè nínú oṣù yìí. Mo ní ariwo rẹ̀ á dí yín lọ́wọ́. Ó ní kò lè dí àwọn lọ́wọ́. Ìbéèrè yẹn ni mi ò fẹ́ràn.

Nítorí náà, báyìí ni mo ń ṣe é. Mo máa ń to ìka òsì sórí okùn, mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún á máa lọ, á máa bọ̀, bí ẹni tó ń gbọn eruku lórí tábìlì. Ohùn mẹ́tàlá tó fún orin. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì pé ọdún méjì, kí ni òtítọ́ ń sáré sí?

Òǹtajà ti tẹ́ bẹ́líìtì méjì sórí káńtà. Èkíní tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ ni, ìkọ́ kan ṣoṣo ló wà létí rẹ̀. Èèyàn á gbé e kọ́rùn, á mú un gba abẹ́ yukulélé, á fi ìkọ́ há ihò tó wà láyà rẹ̀. Kò fẹ́ sikúrúù, kò fẹ́ wàhálà. Àmọ́ béèyàn bá jọ̀wọ́ rẹ̀, á dojú dé, á já bọ́. Apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ fún un mọ́ra, ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ máa gbé ọrùn rẹ̀ ró ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn dára. Ìyẹn dára gan-an. Ọwọ́ tó ń gbé ẹrù ró, ta ló máa bi í pé kí ló dé tí kò jó?

Ìkejì fẹ̀, awọ ni, ihò wà létí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á de bọ́tìnì irin kékeré méjì mọ́ yukulélé, ọ̀kan nídìí, ọ̀kan lẹ́bàá ọrùn, wọ́n á fi ihò yẹn kọ́ wọn. Béèyàn bá ká ọwọ́ méjèèjì sókè, yukulélé ò ní mira. "Èyí ló dáa fún yín, bàbá," ohun tó sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. "Ó máa tú ọwọ́ òsì yín sílẹ̀, kó ráyè ṣiṣẹ́ ẹ̀." Iṣẹ́ wo? Ta ló sọ fún un pé ọwọ́ òsì mi níṣẹ́?

Ìwé tí ọ̀gá olórin pín fún wa náà ló wà lápò mi yìí. "Oníbọ́tìnì méjì ni kí ẹ rà. Ẹ jẹ́ kó ga dé àyà, kí àwọn èèyàn lè rí ọwọ́ yín." Kí wọ́n lè rí ọwọ́ wa. Orin ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́ àbí ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò? Bí mo bá jẹ́ kí bẹ́líìtì yìí gùn, kí yukulélé sọ̀ dé ìsàlẹ̀ ikùn, pátákó tí a ń gbé ìwé orin lé á bò ó. Wọ́n ti rò ó kan ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Ẹnì kan ló ti lọ tú mi fó.

Mo sì mọ ẹni náà. Aránṣọ ni.

Aránṣọ yìí ló ń rán ẹ̀wù fóòmù ní yàrá tó kángun sí sítọ́ọ̀ mi. Láti bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ló ti ń jókòó sápá òsì mi. Kì í wo ọ̀gá olórin, kì í wo ìwé orin. Ọwọ́ mi ló ń wò. Bí mo bá sún ìka kan, ojú rẹ̀ á sún tẹ̀ lé e. Mo yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀. Òun náà yí àga rẹ̀. Mo gbé àpò lé orúnkún kó bò mí. Ó na ọrùn. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá Sítọ́ọ̀, ọwọ́ yín mà yá o." Ẹ wo èébú tí wọ́n fi oyin rá. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ó ń kó ẹ̀rí jọ ni, mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá wá ni... Àárín orin la wà nígbà tí ọ̀gá olórin nawọ́ sókè. "Ẹ dúró, ẹ dúró. Ohùn kan ń ba tiwa jẹ́. Ta ni?" Èmi tí mi ò mú ohùn kankan jáde rí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Aránṣọ ló nawọ́. "Ó lè jẹ́ èmi ni, sà." Wọ́n ní kó dá a ta. Ó dá a ta, kò dáa. Wọ́n ní kó tún un ta. Ó tún ṣì í, níbi kan náà, pẹ̀lú ìdánilójú, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìka wà. Ọ̀gá olórin yọ awò ojú. "Ẹ má bínú, àǹtí. Lọ́jọ́ náà, ẹ máa jókòó lẹ́yìn, ẹ máa bá wa pàtẹ́wọ́."

Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìyá yẹn fi rán ẹ̀wù fóòmù níbẹ̀. Torí ìyá rẹ̀ ló ṣe wá kọ́ ọ, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú wa. Kò jà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn yíjú, ó wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan nínú àpò mi. Inú mi dùn, kí n má parọ́ sórí ìyẹn náà. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ọlọ́wọ́ ti gbàgbé tirẹ̀.

"Ẹ fi tèmi yìí wò ó ná." Òǹtajà ti gbé yukulélé ṣọ́ọ̀bù kọ́ mi lọ́rùn, èyí tó ti ní bọ́tìnì méjì. Kò dúró kí n gbà. Ó ní kí n kọjú sí dígí. Kí ló fẹ́ rí? Ó dáa, mo kọjú sí i. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ méjèèjì. Lóòótọ́ ni, kò mira. Awọ rẹ̀ rọ̀ lórí èjìká. Ọwọ́ òsì mi ò mọ ibi tó máa lọ... ó wá lọ fúnra rẹ̀ síbi tó máa ń lọ. Ìka mẹ́ta kó jọ bí ẹni tó fẹ́ bu iyọ̀, ọmọńdinrín nà sókè gbọnrangandan. Ìyẹn ò sí nínú ìwé orin kankan. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, torí ó jọ ti ẹni tó mọṣẹ́.

Mo ti rí i rí.

Kì í ṣe nínú dígí, mi ò ta á níwájú dígí rí. Ta ni mo rí tó ń... Ọjọ́bọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n ní kó dá a ta, tí gbogbo wa ń wò ó. Ìka mẹ́ta kó jọ. Ọmọńdinrín nà sókè.

Ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi ló wà lára obìnrin yẹn.

Àmọ́ èmi kì í tẹ okùn mọ́lẹ̀. Òun ń tẹ̀ ẹ́. Tọkàntọkàn ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi jáde. Irọ́ tí mò ń pa láìní ohùn, òun ló ń bá mi fi ohùn sí i, òun náà ni wọ́n sì ní kó lọ jókòó.

"Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré." Ọ̀gá olórin ló wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó mú un wá. "Àǹtí, ẹ jókòó ti Bàbá Sítọ́ọ̀, ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ti di gìtá mú rí." Mo wà níbẹ̀. Mo mirí bí àgbà. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Mi ò gbàgbé... Ẹ̀rù ló bà mí láti rántí, mo wá sọ ọ́ di pé ó ń ṣọ́ mi.

Ìwò tó wò mí ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yẹn náà, mo ti ń pè é ní ìwò ọ̀tẹ̀ láti ọjọ́ náà. Ó ń dúró dè mí ni. Ó rò pé màá sọ ibi tó ti ṣì í fún un, pé màá bá a bẹ ọ̀gá olórin kó lè ta á fún ìyá rẹ̀. Mo wá owó ọkọ̀ nínú àpò títí ó fi gbójú kúrò.

Òǹtajà tún ń béèrè pé èwo ni kó dì, ó ní oníbọ́tìnì méjì ni àwọn ará ilé-iṣẹ́ fóòmù tó ti wá ṣáájú mi rà. Bẹ́líìtì awọ ṣì wà lọ́rùn mi, ọwọ́ òsì mi ṣì wà níbi tó wà, mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi sọ pé obìnrin yẹn ń ṣọ́ mi. Iṣẹ́ ló ń kọ́ lọ́wọ́ mi.