Ilẹ̀kùn Búlúù ní Vai Town

"Mo mọ ọkùnrin náà dáadáa," ni Dókítà Oyèwùnmí wí. "Ó máa ń tiro díẹ̀. Òṣìṣẹ́ gidi ni."

Ara Mosúnmọ́lá bù máṣe.

Kò sí ọkùnrin kankan. Kò tíì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí òun fúnra rẹ̀ hun ún jáde látinú orí ara rẹ̀, bí ẹni ń pa àlọ́ fún ọmọdé: ṣọ́ọ̀bù kan ní Vai Town, ìkẹta lọ́wọ́ ọ̀tún, ilẹ̀kùn búlúù, ẹnì kan níbẹ̀ tó ń kan àpótí yìnyín tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, tí àwọn ẹlẹ́ja yóò máa yá lò. Kò dárúkọ ẹni náà. Kò sì sọ pé ó ń tiro.

Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Paynesville, ní ilẹ̀ Làìbéríà, ni wọ́n wà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ Nàìjíríà mẹ́sàn-án ni wọ́n, olùkọ́, dókítà, ẹnjiníà, tí wọ́n ń da owó jọ láti fi ti iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá nǹkan sílẹ̀ lẹ́yìn. Mosúnmọ́lá, tó ti fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ báńkì, ni olórí wọn. Iṣẹ́ mẹ́fà tó kọ́kọ́ tọ́ka sí ló so èso, láti ìgbà náà ló sì ti jẹ́ pé ohun tó bá sọ ni abẹ gé.

Àmọ́ lọ́dún tó kọjá, ilé búrẹ́dì kan tó fọwọ́ sí ní Clara Town kógbá sílé, kò sì sẹ́ni tó bínú. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, mà," ni wọ́n ń wí. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù. Ìdí tó fi purọ́ fún wọn lónìí nìyẹn. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo bi í ní nǹkan ni.

"Ṣé ìbéèrè wà?" ni Mosúnmọ́lá bi wọ́n.

"Ìbéèrè kẹ̀, mà?" Adékẹ́mi ló dáhùn, olùkọ́ tó kéré jù láàárín wọn. "Owó tí mo ń tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ ojú màmá mi rèé, ẹ fi kún un. Bó bá ti jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ọwọ́ mẹ́jọ nà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ojú tì í, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó sọdá afárá lọ sí Vai Town. Kí ló ń wá lọ? Ẹ má bi mí. Ẹni tó purọ́ pé iwin wà nínú yàrá, tí gbogbo ará ilé wá ń sọ pé àwọn náà rí i, ṣé òun náà ò ní yọjú wò ó ni?

Ìkẹta lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilẹ̀kùn búlúù.

Ó na ìka kan ilẹ̀kùn náà. Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ọkùnrin kan jáde sí i, ó ń tiro.

"Ol'ma," ló pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tó ti dàgbà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ìlú náà ló ń sọ. "Mo ti ń retí yín."

Ó wọlé lọ gbé àga wá fún un. Bó ṣe ń lọ, kò tiro. Ìgbà tó gbé àga dé àárín yàrá ló tó rántí pé ó yẹ kí òun máa tiro.

Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ló kún inú ibẹ̀. Àpótí yìnyín kan wà ní kọ̀rọ̀, òfìfo. Lára ògiri, wọ́n lẹ àwòrán Mosúnmọ́lá mọ́ ọn, wọ́n gé e látinú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn yín. Kí n lè dá yín mọ̀." Ohùn ọkùnrin náà rọlẹ̀. "Bàbá dókítà ló kọ́kọ́ wá. Ó bi mí pé, ṣé ìwọ lò ń ṣe àpótí yìnyín? Mo ní rárá, bàtà ni mò ń tún ṣe. Ẹnjiníà wá, mo ní rárá. Ó dùn wọ́n gan-an, Ol'ma. Nígbà tí obìnrin olùkọ́ yẹn dé, mo ní èmi ni."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Bàbá yẹn padà wá. Ó ní ẹni tí òun mọ̀ máa ń tiro. Òun náà ló gbé ọ̀dà wá."

Wọn ò wá wò ó bóyá ó wà. Wọ́n wá láti rí sí i pé ó wà ni. Mosúnmọ́lá tún wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó rọrùn. Ó lè sọ pé òun ti yí ọkàn padà. Kò sẹ́ni tí yóò bi í nídìí, iyì rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀ digbí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó. Àmọ́ bó bá ti ń fọ ọwọ́, á rí ọ̀dà búlúù létí èékánná rẹ̀, ojú màmá Adékẹ́mi, ẹni tí òun kò tíì rí rí, á sì wá sí i lọ́kàn.

Nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi pé, ó dìde láàárín wọn.

"Irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan ní Vai Town. Mo fi dán yín wò ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó yíjú sí bàbá. "Dókítà, kí ló dé tẹ́ ẹ kun ilẹ̀kùn yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ olórí wa ò gbọdọ̀ bọ́ sílẹ̀," ni bàbá wí, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ẹ ní ó wà, a jẹ́ kó wà. Ẹ ti wá ní kò sí báyìí. Kò sí nìyẹn."

"Èmi náà ti ń fura tẹ́lẹ̀," ni Ẹnjiníà Bánjí sọ.

"Àwa náà," ni àwọn yòókù wí. Orí mẹ́jọ mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Adékẹ́mi rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ là wá lójú, mà. Èwo la wá fẹ́ ṣe?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ju ti Vai Town lọ. Ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ló ti wá. Láti ọdún mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, òun á ti sọ tòun, òun á ti rẹ́rìn-ín, òun á ti ní kí wọ́n nawọ́. Ta ló kù tí yóò wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá?

Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Obìnrin kan tó ń rán aṣọ ọmọ ilé ìwé ní Clara Town ló kọ ọ́, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun dókòwò.

"Ẹ kà á. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí àgbà kẹ́yìn. Èmi ń lọ síta."

"Kí lẹ̀yin rò nípa rẹ̀, mà?" ni ẹnì kan nínú wọn bi í.

"N ò ní sọ."

Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yọjú lójú fèrèsé: ìwé náà wà níbi tó gbé e sí, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjú sí àga rẹ̀ tó ṣófo, wọ́n ń dúró dè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́ gbé e padà wọlé. Ó di ọwọ́ fèrèsé mú.

Ó pẹ́ gan-an kí ohùn Adékẹ́mi tó jáde, tín-ín-rín.

"Owó màmá mi. Mo fẹ́ gbà á padà."

Kò sẹ́ni tó mi orí. Àga kan dún. Ẹnì kan húkọ́.

"Kí ló dé?" ni Ẹnjiníà Bánjí bi í.

Mosúnmọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, kò sì wọlé.